Bàrákàt Oníkíbọ́ọ̀dù àti Olúṣínà Ará Maryland

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ebi ló dá ìjà sílẹ̀ ní Agége lọ́dún kejì tí ìjọba ṣọ́jà gbé Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tó sọ náírà di yẹpẹrẹ, dé, ẹ má dá a lóhùn. Ebi ń pa èèyàn lóòótọ́. Garí ti di ohun tí wọ́n ń fi ṣíbí bù sínú omi, ẹni tó bá sì ra búrẹ́dì odidi, abẹ́ aṣọ ló ń gbé e gbà kọjá. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn èèyàn ń torí rẹ̀ fa ara wọn láṣọ ya ni pé, nínú Bàrákàt àti Olúṣínà, ta ló mọ kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ jù? Ọ̀rọ̀ náà wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ó wọ ibi tí wọ́n ti ń gẹrun, ó dé ìdí omi níbi tí àwọn obìnrin ti ń to korobá. Àwọn méjèèjì ló ń fi ẹ̀rọ dá nìkan kọrin, láìsí onílù, láìsí onígìtá, láìsí elégbè. Ojú ọba ni wọ́n fi ń wo ẹni tó bá ń fi iná mànàmáná kọrin láyé ìgbà náà, àyàfi tí NẸ́PÀ bá mú iná rẹ̀ lọ.

Maryland ni Olúṣínà ń gbé, tàbí kí n kúkú sọ pé Maryland ló sọ pé òun ń gbé. Kíbọ́ọ̀dù méjì ló ní, ọ̀kan lórí ìkejì, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń lu ìlù fúnra rẹ̀. Ó ní jákẹ́ẹ̀tì tó ń dán wìnrìnwìnrìn, ó sì ní dígí dúdú tí kì í bọ́ lójú, ìbáà jẹ́ inú òkùnkùn ló wà. Tí Olúṣínà bá ń ṣeré lójú agbo, ohun tí ẹ gbọ́ nínú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ náà lẹ máa gbọ́, kò lé, kò dín. Ibi tó ti mí nínú kásẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ló ti máa mí. Ibi tó ti ní "Ẹ jó o!", ibẹ̀ ló ti máa ní "Ẹ jó o!", ẹ̀yin ì báà ti jókòó kí ẹ máa jẹ ẹ̀pà. Àwọn èèyàn rẹ̀ ní ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà, pé ẹni tó mọṣẹ́ kì í ṣi ọwọ́ gbé. Àwọn èèyàn Bàrákàt ní, tó bá jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì la fẹ́ gbọ́, kí la wá jáde nílé ṣe?

Ti Bàrákàt ni mo ń ṣe, mi ò ní purọ́ fún yín. Kíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo lọmọ náà ní, kò gùn ju apá àgbàlagbà lọ, bátìrì ló sì ń jẹ. Nígbà tó kọ́kọ́ gbé e jáde, wọ́n ní ta ló fi ohun ìṣeré ọmọdé sílẹ̀ fún un. Àmọ́ kíbọ́ọ̀dù yẹn ní iṣẹ́ ọwọ́ kan tí àwọn ńláńlá ti Olúṣínà ò ní, ó ń gba ohùn. Ẹ wúkọ́ sí ihò kékeré tó wà lára rẹ̀, ó ti gba ikọ́ náà nìyẹn. Bàrákàt á wá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ikọ́ yín á di orin, ikọ́ tín-ín-rín lápá ọ̀tún, ikọ́ baba arúgbó lápá òsì. Ó ti gba ìró ọ̀bẹ tí wọ́n ń pọ́n ní Oko Ọba rí, ó ti gba igbe àkùkọ, ó sì ti gba ohùn obìnrin kan tó ń bú ọkọ rẹ̀, tí ọkọ náà fi ijó jáde sí i. Àléébù ẹ̀rọ náà kan ni pé bí ẹ bá ti pa á, gbogbo ohun tó gbà ti pòórá. Ìdí nìyẹn tí eré Bàrákàt kì í fi í jọra lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó bá bá pàdé lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà ló ń sè fún yín jẹ.

Iléeṣẹ́ abọ́ onítánganran kan wà lójú ọ̀nà Ìkẹjà nígbà náà. Ibẹ̀ ni Bàrákàt ti ń ko abọ́ sínú páálí kí Sáàpù tó dé. Nígbà tí Sáàpù dé, wọ́n dá ìdajì òṣìṣẹ́ dúró, òun náà sì wà nínú wọn. Ọ̀dọ̀ Bàbá Làsísì, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ló ń gbé ní Agége. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá náà, alápatà ni, ó ti ń pa màlúù ní Oko Ọba láti ìgbà tí wọn ò tíì bí Bàrákàt. Kì í ṣe èèyàn burúkú rárá. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé kò gbọ́ orin ọmọ yìí rí. Ilé oníyàrá-kọjú-sí-yàrá ni wọ́n ń gbé, bí ẹ bá sín ní yàrá àkọ́kọ́, ẹni tó wà ní yàrá ìkẹyìn ló máa kí yín. Bàrákàt ò gbọdọ̀ pariwo níbẹ̀, nítorí náà ohun tí wọ́n ń dé mọ́ etí ló fi ń kọ́ orin rẹ̀. Ohun tí Bàbá ń rí ni ọmọ tó ń mi orí, tó ń jó lórí ìjókòó, tí ìka rẹ̀ ń sáré lórí ike funfun tí kò dún. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i, ó rọra fi ẹ̀yìn rìn jáde, ó fa ilẹ̀kùn dé, ó sì gba ọ̀dọ̀ Àlùfáà lọ pé kí wọ́n bá òun ṣe àdúà fún ọmọ òun.

Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un, ìbẹ̀rù lọ, ìbínú dé.

"Orin tí kò ní onílù," ó ní, "ta ló ń gbè é?"

"Ẹ̀rọ ni, Bàbá."

"Ta ló wá ń gbọ́ ọ?"

Kí ni Bàrákàt fẹ́ sọ? Nínú ilé yẹn, òun nìkan ló ń gbọ́ ọ.

Akínfẹ́nwá, ọmọ onílẹ̀, ló wá sọ ọ̀rọ̀ di ńlá. Ó ní hòtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́yìn ojú irin, ọgbà rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, ó ní òun fẹ́ mú olórin oníná kan tí yóò máa wá ṣeré níbẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Àwọn tó fẹ́ràn Olúṣínà ní Olúṣínà ni, àwọn ti Bàrákàt fárí gá. Akínfẹ́nwá ní kí wọ́n má wulẹ̀ jà, kí àwọn méjèèjì wá lọ́jọ́ kan náà lẹ́yìn ìrun Alásàárì, kí wọ́n lo sípíkà kan náà níwájú èrò kan náà, kí òun fi etí ara òun gbọ́ ọ.

Bàbá Làsísì gbọ́ sí i, ó pe Bàrákàt jókòó.

"Mi ò ní fi ìyà jẹ ọ́. Bí Akínfẹ́nwá bá mú ọ, o ti ríṣẹ́ nìyẹn, ẹnu mi á pa mọ́. Bí kò bá mú ọ, ọjọ́ Mọ́ńdè lo máa wọ mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá rẹ ń dá nìkan gbé, ìwọ ń jókòó sí Èkó o ń tẹ ike."

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Mo máa wá jókòó níbẹ̀ fúnra mi o, kí ẹnikẹ́ni má baà purọ́ fún mi."

Ọmọ náà fẹ́ràn ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n abúlé tí ìyá rẹ̀ ń gbé lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́ ò ní iná. Bátìrì tí kíbọ́ọ̀dù ń jẹ pàápàá, níbo ni wọ́n ti máa rí i rà déédéé? Tó bá wọ mọ́tò yẹn, orin ti parí nìyẹn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti fèrè kí n tó wọ inú eré. Iléeṣẹ́ abọ́ tí mo wí yẹn kò jìnnà sí hòtẹ́ẹ̀lì Akínfẹ́nwá. Tẹ́lẹ̀ rí, fèrè wọn máa ń dún láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, kálukú sì mọ ìgbà tirẹ̀. Sáàpù da ìyẹn rú. Irin àti ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe abọ́, òkè òkun ló ti ń wá, dọ́là sì ti gòkè àjà. Bí kọ̀ntáínà bá dé láti Àpápá, iṣẹ́ wà. Bí kò bá dé, iṣẹ́ ò sí. Nígbàkígbà tó bá sì dé ni wọ́n ń fọn fèrè, ìbáà jẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè, àwọn òṣìṣẹ́ ojúmọ́ tó bá kọ́kọ́ dé ẹnu géètì ni mégádì ń jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ẹni tó bá pẹ́, ó di ìgbà mìíràn. Gbogbo àdúgbò wá ń fi etí kan sùn. Mo mọ ọkùnrin kan tó sáré jáde ní balùwẹ̀ tòun ti ọṣẹ lójú. Kò rántí wọ ẹ̀wù, ṣùgbọ́n ó ríṣẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà.

Bàrákàt kì í sá ní tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti dá dúró, mégádì mọ ojú wọn, kì í jẹ́ kí wọ́n wọlé. Díẹ̀díẹ̀, fèrè náà di ìró lásán létí rẹ̀, bí ìgbà tí ajá aládùúgbò bá ń gbó.

Láàárọ̀ Sátidé eré náà, fèrè dún. Bàrákàt ń bọ̀ láti ibi tó ti lọ ra bátìrì, kíbọ́ọ̀dù wà lábíyá rẹ̀. Ó kàn tàn án ni, ó gbé e kọjú sí odi iléeṣẹ́, ó gba fèrè náà wọlé. Àwọn èèyàn ń sáré kọjá lára rẹ̀ bí omi àgbàrá, kò wò wọ́n. Inú rẹ̀ ń dùn. Kò pa á kí fèrè má baà pòórá, ó délé, ó dé ohun ìgbọ́rin mọ́ etí, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, fèrè ń ké bí ọmọ màlúù. Ó gbé e sókè, ó ń ké bí ẹyẹ. Ó pa mẹ́ta pọ̀, ó di ohun tí kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tó ti dáyé, orí rẹ̀ wú, ó fò dìde, ó ń jó kiri inú yàrá. Èyí tí kò mọ̀ ni pé àwọn tó pẹ́ dé géètì láàárọ̀ náà, mégádì ti fọwọ́ sọ́yà fún wọn pé kọ̀ntáínà kejì ń bọ̀ lọ́nà, kí wọ́n má jìnnà.

Níbo ni ẹ rò pé wọ́n lọ dúró? Ọgbà Akínfẹ́nwá ni.

Nígbà tí wọ́n fi kírun Alásàárì tán, kò sí ibi tí ẹsẹ̀ fẹ́ bọ́ sí mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ abọ́ wà níbẹ̀, àwọn alápatà wà níbẹ̀, àwọn télọ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlúpéjú tí bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ já sílẹ̀. Bàbá Làsísì wọ jalábíà funfun, ó dé fìlà, ó jókòó níwájú gan-an pẹ̀lú Fáńtà kan. Akínfẹ́nwá gbé sípíkà rẹ̀ méjì síta, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó ènìyàn. Hassanat, ọ̀rẹ́ Bàrákàt, tó ń ṣe lébìrà ojúmọ́ níléeṣẹ́ náà, ló di wáyà mú fún un.

Olúṣínà ló kọ́kọ́ ṣeré. Bó tilẹ̀ dùn mí láti sọ ọ́, ó dára. Ó so gílóòbù pupa àti búlúù mọ́ iwájú kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, bí ẹ̀rọ ṣe ń lù ni iná ń ṣẹ́jú. Ó gbé orin kan, ó wọ òmíràn, abẹ́rẹ́ ò lè gba àárín wọn kọjá. Ìró ìsàlẹ̀ ń kù bí ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Ìjù, ife ń gbọ̀n lórí tábìlì, àwọn ọmọge tó tẹ̀ lé e láti Maryland ń ké "Ṣínà! Ṣínà!" títí ohùn wọn fi há. Nígbà tó ní "Ẹ jó o!", gbogbo ọgbà ti ń jó tẹ́lẹ̀, nítorí wọ́n mọ ibi tó ti máa sọ ọ́.

Télọ̀ kan tí inú rẹ̀ dùn jáde láti náwó fún onílù. Ó wá onílù títí, kò rí i, ló bá lẹ náírà mọ́ ẹ̀rọ. Náírà yọ̀ bọ́. Ó tún lẹ̀ ẹ́, ó tún yọ̀.

"Báwo ló ṣe máa lẹ̀ mọ́ ọn?" Bàbá Làsísì ní. "Nǹkan tí kò làágùn."

Gbogbo àwọn alápatà bú sẹ́rìn-ín. Bàrákàt gbọ́ ọ níbi tó dúró sí, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kò yọ òun sílẹ̀.

Ó kan Bàrákàt. Hassanat sún mọ́ ọn, ó ní, "Ọ̀rẹ́, ṣé o fẹ́ sunkún ni? Ó yá, lọ fi hàn wọ́n jàre!" Bàrákàt gbé kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kọ́rùn, ó sì ṣe ohun tí Olúṣínà ò jẹ́ ṣe láéláé, ó rìn wọ àárín èrò. Sùlíyá ẹlẹ́pà wà níbẹ̀, obìnrin kan tó jẹ́ pé bó bá rẹ́rìn-ín ní Agége, wọ́n ń gbọ́ ọ ní Ìkẹjà.

"Ìyá ẹlẹ́pà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ́rìn-ín fún mi."

"Kí ni mo fẹ́ fi rẹ́rìn-ín nínú ọ̀wọ́n garí yìí?" Sùlíyá ní, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sì pa á lẹ́rìn-ín. Bàrákàt gba ẹ̀rín náà sínú kíbọ́ọ̀dù lójú ẹsẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rín Sùlíyá jáde ní sípíkà, ó ga tó ilé. Ó tẹ̀ ẹ́ lápá òsì, ó di ẹ̀rín ọkùnrin onírùngbọ̀n. Ó fi ìlù sábẹ́ rẹ̀, ó fi ẹ̀rín dá, ó fi ẹ̀rín gbè, Sùlíyá fúnra rẹ̀ sọ igbá ẹ̀pà kalẹ̀, ó ń bá ẹ̀rín ara rẹ̀ jó. Ariwo sọ! Àwọn èèyàn gun àga. Àwọn ọmọge Maryland gbàgbé ẹni tó kó wọn wá. Ara Bàrákàt ti gbóná, ẹ̀rù ti lọ, ìka rẹ̀ ń fò fúnra wọn, inú rẹ̀ ń dùn débi pé ó ń pariwo láìmọ̀. Ó ní àsìkò ti tó kí òun gbé èyí tó dùn jù jáde.

Ó tẹ fèrè.

Inú etí rẹ̀ nìkan ló ti ń gbọ́ ọ láti àárọ̀. Kò ronú sí i pé sípíkà tó ga tó ènìyàn máa fọn ọ́n bí iléeṣẹ́ ṣe ń fọn ọ́n gan-an. Lójú ẹsẹ̀ ni ẹnì kan kígbe pé, "Kọ̀ntáínà kejì ti dé o!"

Háà! Ẹni tó wà lórí àga fò sílẹ̀. Tábìlì dojú dé, ìgò ń yí, bàtà ń bọ́ lẹ́sẹ̀. Ọkọ ò dúró de aya. Hassanat tó di wáyà mú sọ wáyà nù, ó ká yẹ̀rì rẹ̀ sókè, ó sì gba ẹ̀yìn ilé ìdáná kọjá. Àwọn alápatà tí kò níṣẹ́ kankan níléeṣẹ́ náà sá, nítorí bí gbogbo èèyàn bá ń sá, tó o bá dúró, ìwọ lo máa ṣàlàyé. Bàrákàt rí jákẹ́ẹ̀tì kan tó ń dán wìnrìnwìnrìn, tó fo gọ́tà bí ìgalà, kò sì gbà á gbọ́. Kí wọ́n tó ka ení èjì, ọgbà ti ṣófo. Akínfẹ́nwá nìkan ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ibi tó ti ń tatí, ó káwọ́ lérí.

Òun àti Bàbá Làsísì, tó ṣì jókòó síbi tó wà tòun ti Fáńtà rẹ̀.

Bàrákàt dúró gbagidi. Ohun tó ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e ni. Ojú tì í, omi lé ròrò sí ojú rẹ̀. Ìlù kíbọ́ọ̀dù ń dá nìkan lù lọ bí òmùgọ̀.

"Kí ló dé tó o dúró?" Bàbá béèrè. "Ṣé ó ti tán?"

"Bàbá, wọ́n ti lọ."

"Èmi wá ńkọ́?"

Bàrákàt bá ń tẹ orin lọ. Ó rọra ń tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó rí i pé òrùka ọwọ́ Bàbá ń kan ìgò Fáńtà, kin, kin-kin, kin. Bàbá ò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Bàrákàt sún mọ́ ọn, ó na kíbọ́ọ̀dù sí ìdí ìgò, ó gbà á. Kin-kin bá jáde ní sípíkà, ó mọ́ kedere bí agogo.

Bàbá gbé ọwọ́ kúrò lára ìgò kíá. Ìró náà ń lọ.

"Èmi nìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

Ó wo sípíkà, ó wo ọmọ, ó tún fìlà rẹ̀ dé. Ó tún fi òrùka kan ìgò, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi sí àárín ibi tí èyí àkọ́kọ́ ò dé, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tó wà lọ́mọdé tí wọ́n ń fi ṣíbí lu abọ́. Bàrákàt dá a lóhùn. Bàbá kàn án, ó fèsì. Bàbá yára, ó yára. Bàbá dúró lójijì láti dán an wò, ó dúró pẹ̀lú rẹ̀, Bàbá sì pa "Háà!" tó le, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Bàrákàt ò rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé Akínfẹ́nwá, ó gbàgbé Mọ́ńdè.

Ibẹ̀ ni àwọn èrò ti bá wọn. Mégádì ti lé wọn padà ní géètì, ó ní, "Who call una? Kọ̀ntáínà wo?" Inú ń bí wọn bọ̀. Ẹnì kan fa bàtà yọ lọ́wọ́, ó ń béèrè ẹni tó fọn fèrè. Àwọn tó wà nílé tẹ́lẹ̀ tí wọ́n gbọ́ fèrè náà ti jáde, wọ́n tẹ̀ lé wọn, èrò tó ń bọ̀ wá ju èrò tó lọ. Hassanat ló ṣíwájú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Bàrákàt, o fẹ́ pa wá ni? Ṣé o mọ̀ pé Olúṣínà ló kọ́kọ́ dé géètì?"

Gbogbo ojú yí sí Olúṣínà. Dígí dúdú ti bọ́ lójú rẹ̀, ẹrẹ̀ gọ́tà sì ti gun ṣòkòtò rẹ̀ dé orókún. Ojú rẹ̀ kékeré báyìí.

"Ẹ̀ẹ́n, mo sá," ó ní. "Ṣé dígí ni mo fẹ́ jẹ ni? Ọjọ́ mẹ́ta kì í kọjá kí n máà wá sí géètì yẹn. Ẹ kì í rí mi nítorí mi kì í wọ jákẹ́ẹ̀tì wá."

Ẹ̀rín ẹlẹ́pà ló kọ́kọ́ bú, ti tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ti sípíkà. Ọkùnrin tó di bàtà mú sọ ọ́ sílẹ̀, ó di ikùn mú. Ẹ̀rín náà ran gbogbo ọgbà bí iná ọyẹ́. Ni ẹnì kan bá kígbe pé, "Tún un fọn!" Àwọn yòókù gbà á: "Tún un fọn! Tún un fọn!" Bàrákàt wo Bàbá, Bàbá mi orí. Ó tẹ fèrè sórí kin-kin Bàbá. Èrò ká aṣọ sókè, wọ́n ń sáré, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni wọ́n ti ń sá a, orókún ń kan àyà, ọwọ́ ń nà síwájú bí ẹni ń ti géètì. Bó bá dá fèrè dúró, gbogbo wọn á dúró gbagidi. Bó bá fọn ọ́n, ó di eré. Olúṣínà jó débi pé ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì jù sí afẹ́fẹ́. Mo wà níbẹ̀, mo jó, ẹsẹ̀ mi wú fún ọ̀sẹ̀ kan. N kò tíì rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, Akínfẹ́nwá gba máìkì.

"Ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Ọlọ́tí ni mí. Ẹni tó bá jókòó ló ń mutí. Olúṣínà mú wọn jókòó, ó mú wọn dìde, ó tún mú wọn jókòó. Ọmọbìnrin yìí, ó mọ̀ ọ́n o, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n ó lé oníbàárà mi jáde, ó fọ́ ìgò mi, mégádì sì ní wọ́n fẹ́ pe ọlọ́pàá sí mi. Olúṣínà ni mo mú."

Ọgbà hó yèè. Olúṣínà pàápàá kò yọ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n onílé ló ni ilé rẹ̀, ó ti sọ̀rọ̀.

Bàrákàt bẹ̀rẹ̀, ó ń ká wáyà. Ó ń rọra ká a, nítorí bó bá ti ká a tán, kò tún sí ohun tó kù ju mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Ó dùn ún wọra. Ó rí etí jalábíà funfun níwájú rẹ̀, kò gbójú sókè.

"Bàbá, mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Mo máa di ẹrù mi lọ́la."

Àwọn alápatà ẹgbẹ́ Bàbá Làsísì ti yí i ká, wọ́n ń fi í ṣẹ̀fẹ̀.

"Làsísì, gbogbo wa la sá. Ìwọ ò gbọ́ fèrè ni?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Kí ló wá mú ọ jókòó?"

"Kí n sáré lọ síbo?" Bàbá ní. "Ẹ̀yin ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Èmi, ibi iṣẹ́ ọmọ mi ni mo wà."

Ó yíjú sí Bàrákàt, ó gba kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e.

"Akínfẹ́nwá ti ń ra ẹran lọ́wọ́ mi fún ọdún pípẹ́," ó ní, kò rẹ ohùn sílẹ̀ rárá. "Títí di òní, kò mọ ẹran tó dùn yàtọ̀ sí èyí tó kàn sanra. Ẹnu irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo lọ fi ọ̀rọ̀ ọmọ mi sí, ẹ̀bi mi ni. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tí mo bá ti pàtẹ tán, kí o wá bá mi ní Oko Ọba, kí a jọ wo àgbàlá àwa alápatà, bóyá ó máa gba eré rẹ. Mi ò tíì mọ̀ bóyá iná ibẹ̀ á tó ọ."